Aṣọ Tẹ́ẹ́rẹ́ Tí Ọ̀gá Mi Kò Jẹ́ Kí N Tú

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò fi ọjọ́ ayé yín ṣe, mo gbọ́ pé ẹ ń sọ pé aṣọ híhun kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pọlọ. Bọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ló wá sọ ọ́ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ òun ń wí ní ilé ìwé. Mo ní kó mú gègé àti ìwé wá kíákíá kí ọ̀rọ̀ náà tó tutù lẹ́nu mi. Èmi kò mọ̀wé o. Ṣùgbọ́n mo fi ohun tó lé ní ogójì ọdún jókòó nídìí òfì n'Ìsẹ́yìn, bí mo bá sì gbọ́ tí òfì ń dún lójúde ẹlòmíràn lónìí, ẹsẹ̀ mi á máa mì fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú àpótí mi. A óò mú un jáde kí n tó dákẹ́.

Òkáká ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń hun kíjìpá, aṣọ tó nípọn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bora lásìkò ọyẹ́. Òfì obìnrin ni wọ́n fi ń hun ún. Ara ògiri ló máa ń dúró sí, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ kàn nà sílẹ̀ bí àlejò ni. Mo ti mọ̀ ọ́n hun kí n tó mọ ọbẹ̀ sè.

Ìgbà tí mo wá di ìyàwó ilé n'Ìsẹ́yìn, tí owó náírà ti mọ́ gbogbo wa lára, ni mo tó rí òfì ọkùnrin dáadáa. Òwú rẹ̀ nà gbọọrọ sílẹ̀ bí ọ̀nà oko, òkúta kan ń fà á le lọ́hùn-ún. Ahunṣọ jókòó, ìtẹsẹ̀ méjì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ há okùn wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀, òwú yà sí méjì, ọ̀kọ̀ tó gbé òwú wọ inú rẹ̀, ó jáde lódì kejì. Ẹsẹ̀ òsì tẹ̀, òwú yà lọ́nà mìíràn, ọ̀kọ̀ padà. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jáde síwájú rẹ̀ bí ahọ́n. Omi ni mo rù lórí lọ́jọ́ náà, mo sì dúró níbẹ̀ títí omi fi ro sí mi lọ́rùn tí n kò mọ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi, Mùráínà, pé irú òfì yẹn ni mo fẹ́ kọ́. Àgbẹ̀ ni. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ràfátù, ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Mo ní, "Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ óò máa wọ agbádá tí ẹnì kankan kò ní ládùúgbò yìí."

Ó ronú sí agbádá yẹn. Bó ṣe gbà nìyẹn.

Ẹni tó gbà láti kọ́ mi ni Bàbá Làmídì. Bí a ṣe ṣe àdéhùn kò gba àkókò: iṣu ni, obì ni, ó parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àtàǹpàkò wọn. Ọ̀gá mi kì í na ènìyàn, ì bá sì sàn kí wọ́n máa nà wá. Wọn á wá dúró lẹ́yìn rẹ, wọn á fi àtàǹpàkò ọwọ́ tọ aṣọ tí o ti hun, ojú wọn á wà lójúde bí ẹni tí ń ka ewúrẹ́. Bí àtàǹpàkò yẹn bá ti dúró, o gbé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn á sọ: "Tú u." Ìwọ á sì fi ọwọ́ ara rẹ tú aṣọ náà ní òwú kọ̀ọ̀kan títí dé ibi tí àṣìṣe wà. Oúnjẹ kò kàn ọ́ kí o tó tú u tán.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀kọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́. Wọn á ní kí n dijú, kí n máa tẹ̀: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí ìka ẹsẹ̀ mi fi bó. Mo ní, "Ọ̀gá, ìgbà wo ni n óò hun aṣọ?" Wọ́n ní, "Ọwọ́ ń hun, ojú ń wò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń ronú. Jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́n."

Kí ọdún kan tó pé, obìnrin méjì mìíràn ti wá bá mi kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, Sáfù àti Wúlè. Bàbá Ganíyù, àgbà ahunṣọ tí òfì tiwọn kọjú sí tiwa, kò fẹ́ rí wa. Wọn á ké láti ọ̀hún pé, "Làmídì, ẹ ti sọ òfì di ààrò o."

Ọ̀gá mi á dáhùn láìgbójú sókè pé, "Bó bá di ààrò, ẹ gbé àwo yín wá."

Inú mi dùn nígbà yẹn débi pé mo máa ń jí ṣáájú ìrun àárọ̀ kí n lè tètè dé ìdí òfì. Wọ́n ti fún mi ní àlàárì hun, aṣọ pupa tó ń ràn bí ẹyin iná. Aṣọ tó le ni. Bí mo bá hun ún dáadáa, òmìnira iṣẹ́ mi ti kù díẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì ni yírunyírun dé sí agbègbè wa, àìsàn tí ń mú ọrùn le gan-an, tí kì í fi ọjọ́ púpọ̀ ṣòfò lára ènìyàn kó tó pa á. Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Ìjọba kó abẹ́rẹ́ àjẹsára wá. Nọ́ọ̀sì kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Sista, Kìrìsìtẹ́nì ni, tó máa ń rìn kíákíá bí ẹni tí ọbẹ̀ ń jó nílé. Òun ló gún wa lápá, àgbà àti èwe, a sì dúpẹ́. Ó ta mí díẹ̀, mo padà sídìí òfì. Ó parí.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo ń hun àlàárì mi. Láti òwúrọ̀ ló ti ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀já fún mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọmú, ẹ̀yìn sì ń dùn mí. Ìjókòó ni mo rò pé ó fà á. Ọ̀gá mi dé, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ aṣọ, ó dúró. "Tú u." Mo tú u, mo tún un hun. Ó tún dúró. "Tú u." Ìgbà kẹta, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ òfì.

Wọ́n ní, "Ràfátù, kí lò ń tẹ̀?"

Mo ní, "Ìtẹsẹ̀ ni, ọ̀gá."

Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ni."

Mo wolẹ̀. Okùn ìtẹsẹ̀ ti yọ kúrò láàárín ìka ẹsẹ̀ òsì mi. Ilẹ̀ lásán ni mo ń tẹ̀, n kò sì mọ̀. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ méjèèjì rọ̀ bí òwú tó bọ́ sómi. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé mi lọ sílé.

Ìyá ọkọ mi nífẹ̀ẹ́ mi. Ohun tí a máa ń ṣe fún ẹsẹ̀ tó bá kọṣẹ́ ládùúgbò wa ni wọ́n ṣe: wọ́n gbé omi kaná, wọ́n rẹ aṣọ sínú rẹ̀, wọ́n fi ń jó ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní, "Bó bá ta ọ́, kígbe." N kò kígbe. Wọ́n ní, "Ọmọ akin ni." Wọ́n tún mú èyí tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò kígbe. Àwọn aládùúgbò ń yìn mí pé mo ní ìfaradà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mi ti lé ròrò, awọ rẹ̀ ń ṣí. Èmi náà ń wò ó bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Ìsàlẹ̀ ikùn mi sì ti le bí akèrègbè, torí láti àná n kò tíì tọ̀.

Ọkọ mi sáré pe Sista. Ó wo ẹsẹ̀ tó jó yẹn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gún mi láti àtẹ́lẹsẹ̀ bọ̀ sókè. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́ ọ?" "Rárá." "Èyí ńkọ́?" "Rárá." Orúnkún, rárá. Itan, rárá. Ìdodo, rárá. Ó kọjá ìdodo díẹ̀, mo ní, "Ó ta mí." Ó fi báírò fa ìlà síbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní, "Sista, ṣé rọpárọsẹ̀ ni?"

Ó ní, "Ìyá, rọpárọsẹ̀ a máa mú ẹsẹ̀ rọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà á mọ iná. Eléyìí kò mọ iná. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni nǹkan wà." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Ẹ wá mọ́tò lónìí. Kì í ṣe lọ́la."

Ọkọ mi kò bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti Ìwéré-Ilé ni wọ́n dá dúró lójú títì, wọ́n tẹ́ mi sí iwájú. A lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìtọ̀ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ayé dùn. Wọ́n fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn mi lọ yẹ̀ wò.

Dókítà tó tọ́jú mi kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó ní okùn kan wà nínú egungun ẹ̀yìn ènìyàn, òun ló ń gbé iṣẹ́ tí orí bá rán lọ fún ẹsẹ̀, tó sì ń gbé ìròyìn ẹsẹ̀ padà wá. Ó ní okùn yẹn ló wú.

Mo ní, "Òwú mi ló lọ́, àbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òwú yín ló lọ́, ìyá."

Mo ní kí ló fà á. Ó bi mí bóyá mo ní ibà tàbí ikọ́ láìpẹ́ yìí, mo ní rárá, àfi abẹ́rẹ́. Kò purọ́ fún mi, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ó ní, "Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ náà. N kò lè búra. Abẹ́rẹ́ ń kọ́ ara bí yóò ṣe bá àrùn jà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ara ẹnì kan á ṣi ọ̀tá mọ̀, á bá okùn ara rẹ̀ jà. Ó ṣọ̀wọ́n débi pé ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yírunyírun pa, n kò lè ka iye tí mo ti rí."

Ó fẹ́ mọ ọjọ́ náà gan-an tí àìsàn ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, àti ẹsẹ̀ tó ṣáájú. N kò mọ̀. Ọkọ mi kò mọ̀. Ọ̀gá mi, tí wọ́n wá bẹ̀ mí wò, ni wọ́n dáhùn láti ìdí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Òsì ló ṣáájú. Ọ̀tún kò ṣì títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì."

Dókítà ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo padà tọ aṣọ náà sẹ́yìn lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ. Àṣìṣe kéékèèké wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Àtàǹpàkò mi ló fò wọ́n." Wọ́n wo ọwọ́ wọn bí ẹni pé ó jẹ̀bi. "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá sọ fún mi pé aṣọ híhun kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pọlọ.

Kí ọ̀gá mi tó lọ, mo ní kí ni wọ́n ń sọ nílé. Wọ́n ní ìlú ti pín sí méjì. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ ló ṣe mí, wọ́n ti ń tilẹ̀kùn tí wọ́n bá rí Sista. Bàbá Ganíyù àti àwọn àgbà òfì ní kì í ṣe abẹ́rẹ́ rárá, pé òfì ọkùnrin ló kọ ẹsẹ̀ obìnrin. Wọ́n ti dá ọjọ́: bí Iléyá bá dé tí Ràfátù kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀, kí obìnrin kankan má jókòó síbẹ̀ mọ́. Sáfù àti Wúlè ti dúró sílé.

Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gá? Kí lẹ sọ?"

Wọ́n ní, "Mo ní òwú rẹ ṣì wà lórí òfì. N kò gé e. Ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sídìí rẹ̀. Wá parí iṣẹ́ rẹ."

Ọ̀gá mi tí kì í jẹ́ kí òfì sinmi ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Wọ́n ń fún mi lóògùn, wọ́n ń yí mi síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ara mi má bà á dá egbò. Ọ̀sẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ kò mì. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wo ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, mo pàṣẹ fún un bí ọ̀gá mi ti ń pàṣẹ fún mi: tẹ̀. Ó mì. Ó kéré bí ìgbà tí eṣinṣin gbọn ìyẹ́, ṣùgbọ́n ó mì. Mo pe obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ó wá wò ó, ó bú sẹ́kún, èmi ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fi máa dé ilé, mo lè dúró bí ènìyàn bá dì mí mú. Mùráínà, tó ní wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló gé àfọ́kù akèrègbè, tó fi ṣe ìtẹsẹ̀ méjì, tó so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Kó tó lọ sóko láràárọ̀, á dúró síwájú mi, á máa pè é bíi sójà: "Ọ̀tún. Òsì. Ọ̀tún. Òsì. Ràfátù, òsì rẹ ń ṣọ̀lẹ."

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, mo mú ọ̀pá méjì, mo rìn lọ sídìí òfì. Ọ̀nà tí mo máa ń sáré gbà, ìsinmi mẹ́rin ni mo ṣe lórí rẹ̀. Gbogbo àwọn ahunṣọ ti wà níbẹ̀, Bàbá Ganíyù jókòó síwájú wọn. Àlàárì mi wà lórí òfì bí mo ṣe fi í sílẹ̀, eruku ti bò ó, oòrùn sì ti ṣí àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀ níbi tí iṣẹ́ ti dúró. Mo jókòó. Mo fi ìka há okùn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ ìtẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì lè tẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Kò mọ̀ bóyá igi ló wà lábẹ́ òun tàbí ilẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá, òsì ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìkarahun ìgbín kékeré méjì jáde, wọ́n so wọ́n mọ́ ìtẹsẹ̀ òsì kí wọ́n lè máa kọlu ara wọn. Wọ́n ní, "Bí ẹsẹ̀ kò bá gbọ́, kí etí gbọ́ fún un. Dijú."

Mo dijú. Ọ̀tún. Òsì, ìkarahun ní kàkà. Ọ̀kọ̀ lọ, ọ̀kọ̀ bọ̀. Bí n kò bá gbọ́ kàkà, mo mọ̀ pé ó ti yọ, mo tún un há. Mo ṣì, mo tún un ṣe, mo ṣì, mo tún un ṣe. Òógùn bò mí. Nígbà tí oòrùn fi yẹ̀, mo la ojú. Àṣìṣe kún aṣọ náà bí egbò ìgbóná. Ojú tì mí. Mo gbé ọwọ́ kí n máa tú u, nítorí òfin ọ̀gá mi ni.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Má tú u."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí.

Ọ̀gá mi ní, "Bàbá Ganíyù, ẹ wá fi àtàǹpàkò tiyín tọ̀ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Bàbá Ganíyù tọ̀ ọ́. Ibi tó dán. Ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ibi tó dúró, tí eruku mu. Ibi tó burú jù lọ. Lẹ́yìn náà àtàǹpàkò wọn ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ. Nígbà tó ku bí ìbú ọwọ́ kan kí aṣọ dé iwájú mi, kò dúró mọ́. Ó lọ títí ó fi kan àyà mi.

Wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ òfì ló kọ̀ ọ́, kò ní gbà á padà báyìí." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. "Làmídì, àwo mi dà? Ẹ pe àwọn obìnrin yẹn kí wọ́n wá máa dáná ní ààrò yín."

Sáfù àti Wúlè padà lọ́jọ́ kejì Iléyá.

Ẹ̀rù òfì tán nìyẹn, ṣùgbọ́n ti abẹ́rẹ́ kò tán. Mo bí Mùíbà ní bí ọdún méjì sí i. Ó ti ń gbìyànjú láti dìde nígbà tí èèyi wọ àdúgbò, tó pa ọmọ méjì nínú agboolé tó kángun sí tiwa. Sista gbé àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá sábẹ́ igi, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó jáde. Wọ́n ń wo ojúlé mi ni. Èmi tí gbogbo ìlú ń fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ni n óò ṣe?

N kò ní purọ́ fún yín, n kò kọ́kọ́ gbé ọmọ mi jáde. Mo lọ bá Sista ní èmi nìkan ná. Mo ní, "Ṣé ó lè ṣe ọmọ mi bó ṣe ṣe mí?"

Ó ní, "N kò lè ní kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ṣòro gan-an kó ṣẹlẹ̀, Ìyá Mùíbà. Èèyi ni kò ṣòro. Ó ti wà ní agboolé kejì."

Mo padà sílé. Mo ṣí àpótí. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi lómìnira, ọ̀gá mi ti gé àlàárì yẹn kúrò lórí òfì, wọ́n fún mi pé èmi ni mo ni ín. Mo ti rán an pọ̀ ní ìpele méjì, mo fi ṣe ọ̀já. Mo pọn Mùíbà, mo fi ọ̀já náà dì í mọ́ ẹ̀yìn mi, lórí ibi tí wọ́n ti fa omi lára mi gan-an. Mo mú ọ̀pá mi. Mo gba àárín ojúde kọjá, mo sì rọra rìn kí gbogbo ojú fèrèsé lè rí mi.

Sáfù yọjú. "Ìyá Mùíbà, ìwọ gan-an?"

Mo ní, "Èmi gan-an. Gbé ọmọ rẹ ká lọ."

Nígbà tí Mùíbà fi máa sunkún tán, ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń fi igi ìgbálẹ̀ gún un díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ láràárọ̀ kí n lè mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ, ó ń bínú, ó ń ta mí nípàá. Inú mi ń dùn sí ìpá yẹn.

Iṣẹ́ yí padà lẹ́yìn náà. Òwú tí a ń ran lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn, òwú ilé iṣẹ́ dé, èyí tó ń dán ṣáìn-ṣáìn dé, tó ń yọ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ bí ẹja. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo kọ́ obìnrin tí n kò lè kà tán níṣẹ́, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn sì dá ṣáṣá náà ń so ìkarahun ìgbín mọ́ ìtẹsẹ̀ òsì, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọwọ́ yá. Mùráínà wọ agbádá tirẹ̀ títí ó fi gbó mọ́ ọn lára. Ẹsẹ̀ òsì mi kò tíì mọ iná títí dòní. Mo máa ń fi ọwọ́ wo omi kí n tó gbé e sí i.

Bọ́lá, gbé gègé sílẹ̀ wàyí, o óò kọ ìyókù tó bá yá. Ìyá rẹ ni Mùíbà yẹn, ọ̀já náà sì nìyí. Dijú. Fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ láti etí ìhín.

Ó ní àtàǹpàkò òun ti dúró. Ó ní ibẹ̀ kò dán, ṣé kí òun fa òwú rẹ̀ yọ ni?

Mo ní kó má tú u. Mo ní kó máa tọ̀ ọ́ lọ.